Ojú Mẹ́rìndínlógún Agbákò

Ẹni tó bá sọ pé "ó burẹ́wà", tó sì dákẹ́, ti dájọ́ láìjẹ́ kí a gbọ́ ẹjọ́. Níbo lára rẹ̀ ni kò lẹ́wà? Ṣé imú ni àbí àgbọ̀n? Ṣé ara ni kò fomi kàn, àbí ojú ni kò rẹ́rìn-ín? Ẹni tó gbọ́ Yorùbá dénú kì í dúró síbẹ̀. Yóò wo ohun náà fínnífínní, yóò mú ibi kan lára rẹ̀, yóò sì wá ọ̀rọ̀ tí ìró rẹ̀ bá ibẹ̀ mu. Iṣẹ́ ọnà ni, ó sì yẹ ká máa yin àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe.

Nínú gbogbo àwọn tó ti fi èdè wa kọ̀wé, n kò tíì rí ẹni tó mọ iṣẹ́ yìí tó Daniel Ọlọ́runfẹ́mi Fágúnwà, ọmọ Òkè-Igbó. Olùkọ́ ni ní St. Andrew's, Ọ̀yọ́, nígbà tó kọ Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀, ìwé tó jáde ní 1938. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń yìn ín nítorí ọgbọ́n àti ìmọ̀ràn tó kún inú ìwé náà. Ní tèmi, ibi tí ọwọ́ rẹ̀ ti dán jù ni ibi tí ẹ̀dá tí ojú kò fẹ́ rí bá ti yọ.

Ẹ wo Agbákò, tí Àkàrà-Oògùn, ọdẹ inú ìtàn náà, pàdé nínú igbó. Fágúnwà kò fi ojú bẹ̀rẹ̀. Aṣọ ló kọ́kọ́ mú: fìlà irin, ẹ̀wù idẹ, ṣòkòtò awọ. Ohun líle ni gbogbo rẹ̀, kò sí èyí tó rọ̀ níbẹ̀, ara òǹkàwé á sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í le kó tó débi tí ọ̀rọ̀ wà. Lẹ́yìn náà ló wá kan orí, orí tó gùn tó sì tóbi, tí ojú mẹ́rìndínlógún yí ìdí rẹ̀ ká. Ká ní ó sọ pé ojú púpọ̀ ni, à bá kà á kọjá. Ṣùgbọ́n mẹ́rìndínlógún! Iye ojú Odù àgbà nínú Ifá nìyẹn, iye owó ẹyọ tí àwọn ẹlẹ́rìndínlógún ń dà sílẹ̀ nìyẹn. Etí Yorùbá mọ òǹkà yẹn sí òǹkà pípé, ó wá gbọ́ ọ lára ohun tó yẹ kó ní méjì péré.

Àwọn ojú náà kò sì dúró sójú kan, wọ́n ń yí. Fágúnwà fi wọ́n wé ojú aago. Ẹ rántí pé olùkọ́ ló ń kọ ọ́, ẹni tí aago ń pè sẹ́nu iṣẹ́ lójoojúmọ́. Aago jẹ́ ohun tó wà létòlétò, ohun ilé ìwé àti ṣọ́ọ̀ṣì, òun ló wá gbé kalẹ̀ sórí ẹ̀dá inú igbó. Ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀rù ti ń bà mí títí di òní. Ta ni yóò ka ibẹ̀ tán tí yóò tún máa retí kí ẹnì kan sọ fún un pé Agbákò burẹ́wà?

Nínú ìwé kan náà ni Ẹ̀gbin wà, ọgbọ́n tó fi ya tirẹ̀ sì yàtọ̀. Agbákò ń dẹ́rù bani, Ẹ̀gbin ń rí ni lára. Egbò, ìdọ̀tí, kòkòrò tó ń rìn lára: níbí, Fágúnwà kò ṣa ọ̀rọ̀ mọ́, ṣe ló ń kó wọn jọ, ọ̀kan lé ọ̀kan, títí òǹkàwé yóò fi dímú, tí yóò sì bú sẹ́rìn-ín. Àpọ̀jù yẹn gan-an ni iṣẹ́ ọnà ibẹ̀. Ẹni tó bá dín in kù ti bà á jẹ́.

Síbẹ̀, Fágúnwà kọ́ ló rọ irin iṣẹ́ náà. Ẹnu àwọn ìyá àti bàbá rẹ̀ ló ti bá a. Ẹ pe àwọn ọ̀rọ̀ yìí sókè kí ẹ gbọ́ wọn: wúruwùru, jágbajàgba, gbágungbàgun, ṣégeṣège, rádaràda, rúdurùdu. Ohùn kan náà ni gbogbo wọn ń lò. Ó bẹ̀rẹ̀ lókè, ó bọ́ sí àárín, ó já sí ìsàlẹ̀, ó tún gòkè padà sí àárín. Lẹ́tà tó wà níwájú náà ló wà lẹ́yìn, àmọ́ ohùn ti já, bí ìgbà tí táyà kẹ̀kẹ́ bá kó sí kòtò tó tún jáde. Ẹni tí kò tíì mọ ìtumọ̀ jágbajàgba yóò ti fura pé nǹkan náà kò tò. Ẹ wá gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tí a fi ń yin nǹkan: ó gún régé, ó mọ́ tónítóní, ó ń dán gbinrin. Ohùn kò mì. Ó dúró lójú kan bíi ti ohun tó ń yìn.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti títóbi àti kíkéré. Ràbàtà, rìbìtì, ràgàjì: ìsàlẹ̀ ni ohùn wọn wà. Bíńtín, róbótó: òkè ni. Tí ẹnì kan bá ní ọkùnrin kan ní "orí rìbìtì àti ojú róbótó", a ti rí bí orí ṣe borí ojú, bẹ́ẹ̀ kò pe "ńlá", kò pe "kékeré". Tí àpalọ́ bá sì sọ fún wa pé ẹ̀yìn Ìjàpá rí gbágungbàgun látìgbà tó já bọ́ láti òkè, ọwọ́ ọmọdé tó ń gbọ́ ìtàn á fẹ́rẹ̀ẹ́ máa kan ibi tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ pọ̀.

Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ náà kò fi iṣẹ́ yìí ṣeré. Bí télọ̀ bá ní aṣọ kan rí jágbajàgba, kì í ṣe pé ó ń bú u lásán, ojú rán tí kò bá ara wọn dọ́gba ló ń tọ́ka sí. Ọ̀jọ̀gbọ́n Robert Farris Thompson ará Amẹ́ríkà kiri ilẹ̀ Yorùbá, ó ń bi àwọn ará ìlú àti àwọn agbẹ́gilére pé èwo ló dára nínú àwọn ère, kí ló sì dé. Ìwádìí tó tẹ̀ jáde ní 1973 fi hàn pé wọ́n ní ìdí tí wọ́n lè sọ, láti orí gígún àti dídán dé orí jíjọra. Ère tí kò gún, wọ́n mọ ibi tó ti wọ́.

Àìlẹ́wà tún wà tí kì í ṣe ti ara. Ẹni tí kò lọ́yàyà, tó ń dijú mágbárí, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò níyọ̀, ojú rẹ̀ lè gún régé, kó má sì fani mọ́ra rárá. Àwọn àgbà sì ní ọ̀nà pẹ̀lẹ́ tí wọ́n ń gbà sọ ti ojú. Tí o bá bi ìyá kan pé báwo ni ìyàwó tuntun ṣe rẹwà sí, tó wá dá ọ lóhùn pé, "Ọmọ dáadáa ni o, ó mọ̀wà hù," tí kò sì fi nǹkan kan kún un, o ti gbọ́ ohun tí o bèèrè. Kò purọ́, kò bú ọmọ ẹlòmíràn. Èmi ka ìdáhùn yẹn sí iṣẹ́ ọnà tó tó ti Fágúnwà.

Ó sì ní ibi tí ẹnu gbọ́dọ̀ mọ. Àfín, abuké, arọ, ẹni òrìṣà ni wọ́n, Ọbàtálá ló mọ wọ́n bẹ́ẹ̀. Ẹni tó kó rádaràda àti ṣégeṣège lọ bá wọn, òun ni kò mọ èdè lò, bó ti wù kí ọ̀rọ̀ yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu tó.

Inú mi kì í dùn tí mo bá rí ìwé ìtàn tuntun tí òǹkọ̀wé rẹ̀ kàn sọ pé ilé náà kò dára, ọkùnrin náà burẹ́wà, tó sì kọjá lọ, nígbà tí gbogbo ọ̀rọ̀ yìí wà nílẹ̀ tí kò gbowó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin olùkọ́ Yorùbá, mo bẹ̀ yín, ẹ ṣí ibi tí Agbákò ti yọ fún àwọn ọmọ, kí wọ́n kà á sókè pẹ̀lú gbogbo àmì ohùn rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ ní kí wọ́n ya ẹ̀dá tiwọn, kí wọ́n má sì lo "burẹ́wà" níbẹ̀ rárá.