Agbára Àbí Ìgbọ́ràn: Èwo Ló Ń Mú Kí Mọ́tò Dùn-ún Wà?

Àwọn àgbà ní alágbára má mèrò ni baba ọ̀lẹ. Ènìyàn ni wọ́n ń bá wí. Wọn kò tíì rí mọ́tò nígbà náà. Ṣùgbọ́n bí mo bá ń gbọ́ bí àwọn ọ̀dọ́ ìlú wa ṣe ń yin ọkọ̀, ó máa ń ṣe mí bíi pé nítorí mọ́tò gan-an ni wọ́n ṣe pa òwe náà. Ẹ dé ìsọ̀ mẹkáníìkì èyíkéyìí ní Ìbàdàn tàbí ní Èkó, kí tókùnbọ̀ kan tó ń dán wọlé, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ẹ ó gbọ́ ni: "Ẹ̀gbọ́n, ṣé V6 ni àbí V8?" Kò sẹ́ni tí yóò béèrè pé, "Ẹ̀gbọ́n, tí ẹ bá yí sítíárìn rẹ̀, ṣé ó ń gbọ́ràn?"

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ gbé yẹ̀wò nìyẹn. Kì í ṣe ọkọ̀ èrò ni mò ń wí, kì í ṣe ọkọ̀ ẹrù, kì í sì í ṣe èyí tí a fi ń gbé ọmọ lọ sílé ìwé. Mọ́tò tí ènìyàn dìídì ń wà nítorí pé wíwà rẹ̀ dùn mọ́ ọn ni. Àríyànjiyàn àwọn olùfẹ́ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í tán. Àwọn kan ní agbára ẹ́ńjìnnì ni gbogbo adùn. Àwọn kejì ní ó tì o, bí ọkọ̀ ṣe ń tẹ̀ síbi tí a bá ní kó tẹ̀ sí, tó ń dúró níbi tí a bá ní kó dúró, tó sì ń jẹ́ kí ọwọ́ awakọ̀ mọ ohun tí táyà ń ṣe nílẹ̀, ìyẹn gan-an ni adùn. Èyí ni mo pè ní ìgbọ́ràn. Mo mọ ibi tí mo dúró sí, n kò sì ní fi pa mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká gbọ́ tẹnu olúkúlùkù, nítorí agbẹ́jọ́ ẹnìkan dájọ́, àgbà òṣìkà ni.

Ẹ jẹ́ kí alágbára ṣíwájú. Ní ọdún 2017, ilé iṣẹ́ Dodge ní Amẹ́ríkà gbé ọkọ̀ kan jáde tí wọ́n pè ní Challenger SRT Demon. Demon, àǹjọ̀nú nìyẹn, orúkọ náà sì rò ó. Ẹ́ńjìnnì V8 oní-lítà 6.2 ló wà nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá rọ epo ìdíje sí i, agbára ẹṣin 840 ló ń mú jáde. Ìjókòó awakọ̀ nìkan ni wọ́n bá a tà nígbà náà. Ẹni tó bá fẹ́ ìjókòó èrò iwájú ní láti fi dọ́là kan kún owó nígbà náà. Bí awakọ̀ bá tẹ tọ́ròtù mọ́lẹ̀, táyà iwájú lè gbéra nílẹ̀ bí ẹṣin tó fẹsẹ̀ ẹ̀yìn dúró. Ó sá ìdámẹ́rin máìlì kan, èyí tó jẹ́ nǹkan bíi mítà 400, láàárín ìṣẹ́jú àáyá 9.65. Eré náà pọ̀ débi pé NHRA, ẹgbẹ́ tó ń darí irú ìdíje bẹ́ẹ̀ lọ́hùn-ún, ní kò gbọdọ̀ wọ pápá àwọn bí wọn kò bá kọ́kọ́ fi irin àbò sí i nínú.

N kò ní purọ́, adùn wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ní agbára kì í dùn, ẹni náà kò tíì jókòó sínú ọkọ̀ tó lágbára rí ni. Ohùn V8 nìkan tó orin. Ìgbà tí ìjókòó bá sì gbá ènìyàn lẹ́yìn, tí inú rẹ̀ ń ṣe bíi ti ọmọ tí wọ́n jù sókè, ẹ̀rín ni yóò gba ẹnu rẹ̀. Agbára tún wúlò: ẹni tó ti fẹ́ kọjá lára tírélà gígùn rí lójú ọ̀nà tóóró mọ̀ pé agbára tó jẹ́ ìpè kíákíá lè gba ẹ̀mí là.

Ẹ̀sùn tí mo fi kan àǹjọ̀nú yìí ni pé adùn rẹ̀ kì í pẹ́. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́sàn-án, ó tán! Kí sì ni awakọ̀ rí ṣe nínú rẹ̀? Ó di sítíárìn mú, ó tẹ tọ́ròtù, ó ń gbàdúrà. Àwọn tó ṣe é pàápàá kò fi bò: sípíríǹgì tó rọ̀ ni wọ́n fi sí i, kí ìwúwo rẹ̀ lè sún sórí táyà ẹ̀yìn nígbà tó bá ń gbéra. Ọ̀nà tó tọ́ gbọọrọ ni wọ́n ṣe é fún. Ó wúwo ju kìlógíráàmù 1,900 lọ. Ẹ gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ wọ kọ́nà pẹ̀lú eré, ẹ ó rí i pé inú àǹjọ̀nú kì í dùn sí kọ́nà.

Ó yá, ó kan onígbọ̀ọ́ràn. Ní ọdún 1979, akọ̀ròyìn Amẹ́ríkà kan, Bob Hall, dá a lábàá fún Kenichi Yamamoto, ọ̀gá kan ní Mazda ní ilẹ̀ Japan, pé kí wọ́n ṣe irú ọkọ̀ kékeré oníjòkòó méjì tí òrùlé rẹ̀ ṣeé ṣí, irú èyí tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì mọ̀ ọ́n ṣe. Àsìkò tí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ń kógbá sílé ni. Ọdún 1980 ni wọ́n ṣe MGB mọ. Ọdún mẹ́wàá kọjá kí ọ̀rọ̀ náà tó di nǹkan. Ní 1989, wọ́n gbé Mazda MX-5 jáde níbi àfihàn ọkọ̀ ní Chicago. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò ju lítà 1.6 lọ. Agbára rẹ̀ kò ju nǹkan bí agbára ẹṣin 115 lọ. Ẹ wò ó o, ti Demon fi ìlọ́po méje jù ú!

Ṣùgbọ́n kìlógíráàmù bíi 950 péré ni gbogbo rẹ̀. Wọ́n fa ẹ́ńjìnnì sẹ́yìn díẹ̀ kí ìwúwo iwájú àti ti ẹ̀yìn lè fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Táyà iwájú ń darí, ti ẹ̀yìn ń tì, kò sí èyí tó ń ṣe iṣẹ́ ìkejì mọ́ tirẹ̀. Apá irin méjì ló di táyà kọ̀ọ̀kan mú kí ojú rẹ̀ lè máa jókòó dáadáa sórí ọ̀dà. Toshihiko Hirai, ẹni tó ṣe olórí iṣẹ́ náà, àti àwọn ènìyàn rẹ̀ mú ọ̀rọ̀ kan láti inú èdè wọn ṣe atọ́nà: "jinba ittai", èyíinì ni pé kí ẹṣin àti ẹni tó gùn ún di ara kan. Ọ̀rọ̀ yìí kò yẹ kó ṣòro fún Yorùbá láti lóye, àwa tí Ọ̀yọ́ ilé fi ogun ẹlẹ́ṣin ṣe ọlá. Jagunjagun wo ni yóò yan ẹṣin tó lágbára ṣùgbọ́n tí kì í gbọ́ ti ìjánu?

Nígbà tó fi máa di ọdún 2016, ó ti lé ní mílíọ̀nù kan MX-5 tí wọ́n ti ṣe. Kò sí ọkọ̀ eré oníjòkòó méjì mìíràn tó tà tó bẹ́ẹ̀. Ṣé gbogbo àwọn tó rà á ni kò rí owó ra èyí tó lágbára ni? Rárá o. Wọ́n rí nǹkan kan níbẹ̀ ni.

Ohun tí wọ́n rí kì í ṣe idán. Ibi tí táyà kọ̀ọ̀kan ti fara kan ilẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Àtẹ́lẹwọ́ mẹ́rin yìí ni gbogbo ọkọ̀ ní, àti olówó àti tálákà. Orí wọn la ti ń sáré, orí wọn la ti ń dúró, orí wọn la ti ń yà. Bí eré bá di ìlọ́po méjì, ipá tí bíréèkì gbọ́dọ̀ pa á di ìlọ́po mẹ́rin. Bí ọkọ̀ bá sì ṣe wúwo tó ni iṣẹ́ àtẹ́lẹwọ́ mẹ́rin náà ṣe ń pọ̀ tó. Agbára ẹ́ńjìnnì kò lè fi ẹyọ kan kún wọn. Ẹni tó ń wa ọkọ̀ fúyẹ́ ń gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ kó tó di pé ọ̀rọ̀ bẹ́yìn yọ. Ìfọ̀rọ̀wérọ̀ yẹn ni mo pè ní adùn, ó sì wà nínú gbogbo kọ́nà, kódà ní 60 kìlómítà ní wákàtí kan.

Ẹ jẹ́ kí n tún sọ òótọ́ kan tí àwọn ẹgbẹ́ tèmi kì í fẹ́ sọ. Wọ́n fẹ́ràn láti máa rán wa létí ìdíje Monte Carlo ti ọdún 1964, níbi tí Paddy Hopkirk ti fi Mini Cooper S, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò ju 1,071 cc lọ, borí Ford Falcon oní-V8 tí Bo Ljungfeldt wà. Ìtàn náà dùn, bíi ti ìjàpá àti erin. Ohun tí wọ́n máa ń gbé pamọ́ ni pé òfin ìdíje náà ń ro ti ìwọ̀n ẹ́ńjìnnì mọ́ ìṣirò, ó sì ń ṣe ojú rere sí ẹ́ńjìnnì kékeré. Mini náà tayọ lóòótọ́, ó tún gbégbá orókè ní 1965 àti 1967, ṣùgbọ́n ká má fi èyí sọ pé agbára kò já mọ́ nǹkan kan. Ẹ tún wo Toyota GT86 ti ọdún 2012. Gbogbo ayé ló yin ìgbọ́ràn rẹ̀, síbẹ̀ àwọn tó ń wà á ń kùn pé bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí ní ìwọ̀ntúnwọ̀nsì, ó máa ń rẹ̀ ẹ́. Nígbà tí wọ́n ṣe òmíràn ní 2021, wọ́n sọ ẹ́ńjìnnì náà di lítà 2.4 láti 2.0. Onígbọ̀ọ́ràn náà mọ̀ pé ẹni tí ebi ń pa kì í gbọ́ ìwàásù.

Agbára tí kò ní ìgbọ́ràn ńkọ́? Ẹ bi àwọn tó wa Porsche 911 Turbo ti ọdún 1975. Agbára ẹṣin 260 ni, ẹ́ńjìnnì sì wà lẹ́yìn táyà ẹ̀yìn pátápátá. Bí awakọ̀ bá tẹ tọ́ròtù, nǹkan kò ní kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀; nígbà tó bá yá, gbogbo agbára yóò dé lẹ́ẹ̀kan náà bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́ tó lọ sùn, tó wá jí lójijì. Bó bá jẹ́ àárín kọ́nà ni ó bá a, tí ẹ̀rù ba awakọ̀ tó gbé ẹsẹ̀ kúrò, ìdí ọkọ̀ yóò fẹ́ gba iwájú. Kì í ṣe lásán ni àwọn òyìnbó sọ ọ́ lórúkọ tó túmọ̀ sí "ó-ń-sọ-obìnrin-di-opó".

Ta wá ni adájọ́? Lójú tèmi, ìwúwo ni. Gordon Murray fi hàn wá. Ní 1992, ó gbé McLaren F1 kalẹ̀: agbára ẹṣin 627, ṣùgbọ́n nǹkan bíi kìlógíráàmù 1,140 péré. Òun ló yá jù láyé nígbà tirẹ̀, tí awakọ̀ sì tún ń yìn ín nínú kọ́nà. Nínú T.50 tó fi hàn ní 2020, ìwúwo náà kò tó 1,000. Nítorí náà, agbára àti ìgbọ́ràn kì í ṣe ọ̀tá ara wọn. Ìsanra ló ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín wọn. Ṣùgbọ́n owó tí wọ́n ń ta ọkọ̀ Murray, kí Ọlọ́run bùkún wa!

Ìdí mìíràn wà tí mo fi ń gbè sẹ́yìn ìgbọ́ràn lónìí. Láyé àtijọ́, agbára ṣọ̀wọ́n, ó sì yẹ kí á máa kan sáárá sí i. Lóde òní ńkọ́? Ní 2021 ni Tesla bẹ̀rẹ̀ sí í ta Model S Plaid, ọkọ̀ oníná tí bàbá lè fi gbé ọmọ mẹ́ta lọ sílé ìwé, agbára ẹṣin rẹ̀ sì jẹ́ 1,020. Ó wúwo ju kìlógíráàmù 2,100 lọ. Agbára ti wá di omi ẹ̀rọ. Ẹni tó bá lówó á ṣí i, á sì dà. Ìfúyẹ́ ló ti di omi inú àpáta.

Ẹ má sì rò pé ọ̀rọ̀ òkèèrè nìkan ni. Píjò 504, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kàdúná ní 1975, ọkọ̀ àwọn bàbá wa, kì í ṣe alágbára. Èyí tó wọ́pọ̀ nílẹ̀ wa kò ju nǹkan bí agbára ẹṣin 100 lọ. Síbẹ̀ ní ọdún 1975 yẹn kan náà, Ove Andersson fi 504 gba ipò kìíní nínú ìdíje Safari ní Ìlà Oòrùn Áfíríkà, nínú ẹrẹ̀, nínú eruku, nínú kòtò. Ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ ń lọ sókè sódò púpọ̀, táyà kì í tètè fi ilẹ̀ sílẹ̀. Ìgbọ́ràn tí ó bá ọ̀nà mu nìyẹn. Ọkọ̀ líle tó ń gbọ́ràn lórí ọ̀dà òkèèrè lè di ìyà lójú ọ̀nà tiwa. Kí ẹni tó fẹ́ ra onígbọ̀ọ́ràn fi èyí sọ́kàn.

Òfin ilẹ̀ wa ní kí mọ́tò kékeré má kọjá 100 kìlómítà ní wákàtí kan lórí ọ̀nà márosẹ̀. Demon yóò dé ibẹ̀ kí ènìyàn tó mí lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́yìn náà kí ló kù? Yálà kí ó máa sùn, tàbí kí olówó rẹ̀ rú òfin, kí ó sì wa ara rẹ̀ àti ẹni ẹlẹ́ni lọ sọ́run. MX-5 yóò lò tó ìṣẹ́jú àáyá mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án, awakọ̀ yóò pààrọ̀ jíà, yóò gbọ́ ẹ́ńjìnnì, yóò yà, yóò tún yà. Gbogbo owó tó san ló ń jẹ.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń kó owó jọ, ẹ má jẹ́ kí V6 àti V8 di orúkọ òrìṣà. Ẹ kọ́kọ́ bi ẹni tó fẹ́ tà á bó ṣe wúwo tó. Ẹ bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí ẹ wà á dé kọ́nà mẹ́ta, kì í ṣe ojú títì tó nà nìkan. Ẹ tẹ bíréèkì rẹ̀ wò. Bí ó bá gbọ́ràn, tí agbára rẹ̀ sì tó gbé e kọjá lára tírélà, ẹ ra á. Ìyókù, ariwo ni.