Àwo Orin Àbùùbùtán: Ta Ni Wọ́n Ń Kọrin Fún?

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo tún jókòó gbọ́ àwo Songs of the Humpback Whale láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọmọ-ọmọ mi obìnrin ló rán mi létí rẹ̀. Orí fóònù ló ti máa ń gbọ́ ọ lálẹ́ kí oorun lè tètè gbé e lọ. Mo bi í pé kí ló ń dún yẹn. Ó ní, "Bàbá àgbà, orin ìsùn ni." Ìdáhùn yẹn ò kúrò lọ́kàn mi, òun ló sì bí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí.

Ọdún 1970 ni àwo náà jáde. Roger Payne, onímọ̀ nípa ẹranko ará Amẹ́ríkà, ló gbé e jáde, àmọ́ kì í ṣe òun nìkan ló gba ohùn inú rẹ̀ sílẹ̀. Frank Watlington, ẹnjiníà tó ń bá Ọmọ-ogun Ojú Omi Amẹ́ríkà ṣiṣẹ́ ní erékùṣù Bermuda, ti ń fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn abẹ́ omi gbọ́ àwọn ẹranko yìí kó tó kó téèpù rẹ̀ fún Payne àti Katy ìyàwó rẹ̀. Márùn-ún ni orin tó wà nínú àwo náà. Kò sí ìlù, kò sí fèrè. Igbe gígùn ni, ìkérora ni, àti ohùn bí ilẹ̀kùn tí wọn ò fi epo sí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ fún un ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Àwọn àgbà ní ilé là ń wò ká tó sọ ọmọ lórúkọ. Ẹ wá wo orúkọ tí àwa Yorùbá fún ẹranko yìí: àbùùbùtán. Ohun tí etí tèmi ń gbọ́ níbẹ̀ ni bù, kó o tún bù, ẹran tí à ń bù tí kì í tán bọ̀rọ̀. Orúkọ orí tábìlì alápatà ni. Kì í sì í ṣe àwa nìkan ló fi ojú ẹran wò ó. Ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, ọ̀rá rẹ̀ ni wọ́n ń yọ́ ṣe epo àtùpà. Nígbà tó fi máa di àárín ọ̀rúndún ogún, wọ́n ti pa humpback débi pé ó kù díẹ̀ kó run.

Àwo yìí ló kọ́kọ́ fi etí rọ́pò ẹnu. Lóṣù January 1979, ìwé ìròyìn National Geographic fi àwo fẹ́lẹ́ kan sínú ẹ̀dà tó lé ní mílíọ̀nù 10, ohùn yìí sì wọ ilé àìmọye ènìyàn tí kò tíì fojú kan òkun rí. Ní 1982, àjọ International Whaling Commission dìbò pé kí pípa wọn fún òwò dáwọ́ dúró, òfin náà sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1986. Mi ò ní pé àwo nìkan ló ṣe é o, àmọ́ ìgbe "Ẹ gba àbùùbùtán là" ì bá máà rinlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ láìsí i.

Ṣé irọ́ wá ni bí wọ́n ṣe pè é ní orin? Rárá. Ní 1971, Payne àti Scott McVay fi hàn nínú ìwé ìròyìn Science pé ohùn náà ní ètò: ohùn kéékèèké di ẹsẹ, ẹsẹ tí wọ́n ń tún kọ di ìpín, àwọn ìpín sì ń tẹ̀ léra wọn títí yóò fi di odindi orin. Ó lè gbà tó ìṣẹ́jú 7 sí 30, kó tó tún bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Katy Payne wá ṣàkíyèsí pé orin náà ń yí padà lọ́dọọdún, gbogbo akọ tó wà lójú kan sì jọ ń yí i ni. Ní 2000, Michael Noad àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kọ nípa orin kan tó wá láti etíkun ìwọ̀ oòrùn Ọsirélíà. Láàárín ọdún méjì péré, àwọn ti ìlà oòrùn ti pa orin tiwọn tì, tuntun ni gbogbo wọn ń kọ. Àwa tá a mọ bí orin tuntun ṣe ń gba ìgboro, kò yẹ kí ìyẹn yà wá lẹ́nu.

Ibi tí mo ti ní ẹjọ́ ni bí wọ́n ṣe to àwo náà. Orin àkọ́kọ́ ń jẹ́ "Solo Whale", bí ẹni pé ẹnì kan dá dúró lórí ìtàgé, tí àwa sì ti sanwó wọlé. Èkejì ń jẹ́ "Slowed-Down Solo Whale": wọ́n fa téèpù náà sẹ́yìn kó lè rọ etí wa lọ́rùn. Wọn ò tàn wá, wọ́n sọ ọ́ nínú orúkọ. Àmọ́ ó hàn pé ilé tiwa ni wọ́n wò kí wọ́n tó sọ ọmọ ọlọ́mọ lórúkọ.

Èyí tó burú jù ni ohun tí kò sí níbẹ̀. Akọ nìkan ló ń kọ orin yìí. Ìyá àti ọmọ ńkọ́? Ní 2017, Simone Videsen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé àbájáde iṣẹ́ wọn ní Exmouth Gulf, Ọsirélíà, jáde. Wọ́n lẹ ẹ̀rọ mọ́ ara ìyá àti ọmọ humpback, wọ́n sì rí i pé ohùn jẹ́jẹ́ tí kì í rìn jìnnà ni wọ́n fi ń bára wọn sọ̀rọ̀, ó jọ pé kí orca tó ń pa ọmọ wọn jẹ má baà gbọ́. Ní gúúsù ìlà oòrùn Alaska, wọ́n ní igbe mìíràn tí wọ́n ń ké nígbà tí wọ́n bá ń da ẹja herring jọ láti jẹ. Àwo ò gba ìkankan nínú ìwọ̀nyí. Ó dà bí ẹni tó gba ohùn akígbe ìlú sílẹ̀, tó wá ní òun ti mọ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ nínú iyàrá.

Ẹ lè ní, "Prófẹ́sọ̀, kí ló kàn ọ́ níbẹ̀?" Ohun tó kàn mí ni pé ẹni tó bá pe ohùn ní fàájì yóò rò pé fàájì lásán ni ariwo ń bà jẹ́. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìmọ́lẹ̀ ò rìn jìnnà nínú òkun. Ìró ló ń rìn, nǹkan bíi mítà 1,500 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ó ju ìlọ́po mẹ́rin ti inú afẹ́fẹ́ lọ. Etí wọn ni ojú wọn. Ní 2024, Coen Elemans àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣàlàyé nínú Nature bí gògóńgò irú àwọn ẹranko yìí ṣe ń ṣiṣẹ́: ohùn ìsàlẹ̀, tí kò ju bíi Hertz 300 lọ, ló ń mú jáde, ibẹ̀ náà sì ni ariwo ọkọ̀ òkun wà. Wọn ò lè fi ohùn òkè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Lẹ́yìn ìkọlù September 11, 2001, ọkọ̀ òkun dínkù ní Bay of Fundy ní Kánádà, ariwo sì rọlẹ̀. Ìgbẹ́ ni Rosalind Rolland àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ̀ wò, ìgbẹ́ oríṣi àbùùbùtán mìíràn tí wọ́n ń pè ní right whale: họ́mọ̀nù tó ń fi ìnira ara hàn ti lọ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìlera ni o, kì í ṣe ọ̀rọ̀ fàájì.

Ìdájọ́ mi rèé: àwo ńlá ni, mo sì ń bá yín wá a kiri kí ẹ gbọ́ ọ. Ó kọ́ wa pé ká sọ ọ̀kọ̀ sílẹ̀. Kò kọ́ wa pé ká dákẹ́. Etí tó gbọ́ àlọ ló yẹ kó gbọ́ àbọ̀.

Mo ṣàlàyé fún ọmọ náà lálẹ́ ọjọ́ kejì pé akọ kan ló ń ké jáde níbẹ̀. Ó ní ta ló ń pè. Mo ní àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lé e, bóyá abo ni, bóyá akọ ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá bi mí pé, "Ṣé ẹni tó ń pè ń gbọ́ ọ báyìí?"