Ta Ni Aládùúgbò Ta? Ìwé Biobaku Lórí Ẹ̀gbá, Bí A Ṣe Kà Á Ní Ọ̀tà

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ olùkọ́ Yorùbá ni ó ti gbọ́ orúkọ ìwé tí Saburi Biobaku kọ, The Egba and Their Neighbours, 1842–1872, ṣùgbọ́n díẹ̀ nínú wa ni ó ti kà á já. A rò pé àwọn olùkọ́ ìtàn ni ó ni ín. Èrò wa nínú àyẹ̀wò yìí ni láti fi hàn pé ìwé náà kan olùkọ́ Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n, àti pé ibi tí ó kù sí, bí a bá lè pè é bẹ́ẹ̀, kì í hàn dáadáa àfi bí ènìyàn bá gbìyànjú láti sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ ní èdè Yorùbá.

Ilé-ìwé tí mo ti ń kọ́ni wà ní Jojú, láàárín Ṣàngó àti Ọ̀tà, ní agbègbè tí ilé-iṣẹ́ ńláńlá pọ̀ sí. Òwúrọ̀ kùtùkùtù ni àwọn òbí ti ń tò sẹ́nu ọ̀nà fákítìrì. Àwọn mìíràn a máa ti ibi iṣẹ́ òru bọ̀ nígbà tí ọmọ wọn bá ń lọ sílé-ìwé. Nínú kíláàsì mi, Ẹ̀gbá wà níbẹ̀, Ẹ̀gùn wà níbẹ̀, Ìjẹ̀bú, Ọ̀yọ́ àti Ìgbò wà níbẹ̀. Àwórì tó ni ilẹ̀ kò ju ìwọ̀nba lọ. Nígbà tí mo dárúkọ ìwé Biobaku fún wọn, mo túmọ̀ àkọlé rẹ̀ wéré sí ‘Àwọn Ẹ̀gbá àti Àwọn Aládùúgbò Wọn’. Ọmọ Àwórì kan nawọ́ sókè. Ó ní, ‘Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé àwa ni aládùúgbò wọn ni, àbí àwọn ni aládùúgbò wa?’ Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. N kò rí èsì kan gidi fọ̀ fún un lọ́jọ́ náà.

Kí a tó máa tọ́ka sí àléébù, ó yẹ kí a kọ́kọ́ sọ iṣẹ́ ribiribi tí ọkùnrin náà ṣe. Ọmọ Ìgbórè ní Abẹ́òkúta ni Biobaku. Ọdún 1918 ni a bí i, ó sì di olóògbé ní 2001. Iṣẹ́ oyè ọ̀mọ̀wé tí ó ṣe ní Yunifásítì London ni ó di ìwé yìí. Clarendon, èyí tí í ṣe ti ilé ìtẹ̀wé Yunifásítì Oxford, ni ó tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1957; ilé ìtẹ̀wé University Press ní Ìbàdàn sì tún un tẹ̀ ní 1991. Ní àkókò tí ọ̀pọ̀ òyìnbó ṣì ń sọ pé ènìyàn dúdú kò ní ìtàn kankan kí òyìnbó tó dé, Biobaku jókòó ti àkọsílẹ̀ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì àti lẹ́tà àwọn ajíhìnrere CMS, ó sì fi ohun tó gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbà gbè é lẹ́sẹ̀. Ẹni tó bá ti gbìyànjú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rí ni yóò mọ̀ pé kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀lẹ.

Ibi tí ìwé náà dùn jù lójú tèmi ni ibi tí ó ti sọ nípa ọgbọ́n ìṣèlú. Àwọn Ẹ̀gbá tí ogun lé kúrò ní ìlú wọn àtijọ́ dé abẹ́ Olúmọ ní 1830, Ṣódẹkẹ́ sì ni aṣíwájú wọn. Ìlú kan ni Abẹ́òkúta lójú ẹni tó ń bọ̀ lọ́nà, ṣùgbọ́n ìlú púpọ̀ ni nínú: ìlú kọ̀ọ̀kan ló gbé Ògbóni tirẹ̀ wá, ló gbé Ológun tirẹ̀ wá, ló gbé Pàràkòyí tirẹ̀ wá. Báwo ni irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ yóò ṣe máa sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ohùn kan nígbà tí Dàhómì bá gbógun dé, bí ó ti ṣe ní 1851 àti ní 1864? Ta ni yóò fọwọ́ sí àdéhùn nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì bá mú ìwé wá, bí wọ́n ti mú un wá ní 1852 pé kí wọ́n fi òwò ẹrú sílẹ̀? Ní 1865, wọ́n dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ tí Ṣómóyè, Baṣọ̀run, jẹ́ olórí rẹ̀, tí G. W. Johnson, ọmọ Sàró kan, sì jẹ́ akọ̀wé rẹ̀. Ọdún méjì lẹ́yìn èyí ni Ifọ́lé ṣẹlẹ̀, tí wọ́n lé àwọn òyìnbó ajíhìnrere jáde. Olùkọ́ tó bá ń wá ohun tí yóò fi la ọmọ lójú nípa bí a ṣe ń ṣe ìlú, láì jẹ́ pé ó ń ṣe òṣèlú ẹgbẹ́ kan, kò ní í rí ohun tó dára ju apá yìí lọ. Ọmọ tó bá mọ̀ ọ́n yóò mọ̀ pé kì í ṣe òyìnbó ló kọ́kọ́ kọ́ wa bí a ṣe ń jókòó ṣe ìpàdé.

Ọ̀tà ńkọ́? Ọ̀tà wọ inú ìtàn náà nítorí ọ̀nà. Àwọn Ẹ̀gbá ń fẹ́ ọ̀nà dé etí òkun, kí ọjà àti ìbọn lè máa wọlé, kí àwọn ọmọ wọn tó ń ti Sàró bọ̀ má baà bọ́ sọ́wọ́ agbénipa àti akónilẹ́rú lójú ọ̀nà. Ọ̀tà ni ó jókòó sórí ọ̀nà Èkó. Wọ́n gbógun tì í, ó sì bọ́ sọ́wọ́ wọn ní 1842. Láti ibẹ̀ wọ́n kọjú sí Adó, ìtàn sì ń bá tirẹ̀ lọ. Ọdún tí Ọ̀tà ṣubú ni ó bẹ̀rẹ̀ àkọlé ìwé náà, síbẹ̀ ẹnu ọ̀nà lásán ni Ọ̀tà jẹ́ nínú rẹ̀: a ṣí i, a gba ibẹ̀ kọjá, a kò bojú wẹ̀yìn. Ohun tí Ọlọ́tà àti àwọn ìjòyè rẹ̀ rò, ẹni tí wọ́n ránṣẹ́ sí, ìdí tí wọn kò fi fẹ́ kí ọ̀nà náà là, kò sí nínú ohun tí olùkàwé gbé dání nígbà tí ó bá pa ìwé dé.

A kò fẹ́ ṣe àṣejù. Ìtàn Ẹ̀gbá ni Biobaku ní òun fẹ́ kọ, òun náà ni ó sì kọ. A kì í bá alágbẹ̀dẹ jà pé kò hun aṣọ fún wa. Ṣùgbọ́n ó fi ‘aládùúgbò’ sí àkọlé, aládùúgbò náà sì ní ẹ̀tọ́ láti béèrè irú aládùúgbò tí òun jẹ́.

Ibí ni iṣẹ́ olùkọ́ Yorùbá ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo jókòó láti fi ojú ewé mélòó kan ṣe àyọkà fún kíláàsì mi, mo rí i pé ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ṣoṣo a máa bo ohun mẹ́ta mẹ́rin tí Yorùbá kì í dà pọ̀ mọ́ ara wọn. Ẹ jẹ́ kí a mú ti ogun 1842. Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rọ̀ kan tó tó fún un. Bí mo bá kọ ọ́ pé Ẹ̀gbá ‘ṣẹ́gun’ Ọ̀tà, ìjà nìkan ni mo sọ pé wọ́n borí. Bí mo bá ní wọ́n ‘kó’ Ọ̀tà, mo ti dárúkọ àwọn tí wọ́n dè lókùn lọ. Bí mo bá ní wọ́n ‘tú’ Ọ̀tà, ilé ti dahoro, ewéko ti hù. Bí mo bá ní wọ́n ‘gba’ Ọ̀tà, ẹni tó ń pàṣẹ lẹ́yìn ogun ni mo ń sọ. Kò sí èyí tí mo lè yàn láì jẹ́ pé mo ti dá ẹjọ́. Ẹni tó kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì lè máa lọ láì yan ọ̀kan. Ẹni tó ń kọ ọ́ ní Yorùbá kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, ó di dandan kí ó padà lọ wádìí.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ ìlú tó wà lábẹ́ ìlú mìíràn. Ìlú lè máa sin ìlú, kí ó máa fi nǹkan ránṣẹ́ lọ́dọọdún, kí ọba rẹ̀ sì máa jọba lọ ní tirẹ̀. A lè fi ajẹ́lẹ̀ sí i. A sì lè sọ pé ilẹ̀ rẹ̀ gan-an ti di tẹni tó ṣẹ́gun, kí àwọn onílẹ̀ wá di ẹni tí í san ìṣákọ́lẹ̀. Nǹkan mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ní agbègbè wa níbí, tí ẹni tó ra ilẹ̀ kì í sùn dáadáa títí tí yóò fi kọ́lé tán, ẹ mọ̀ pé eléyìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ gírámà. Àdéhùn 1852 náà ńkọ́? Ṣé ‘àdéhùn’ ni àwọn ìjòyè rò pé àwọn ṣe, àbí ‘ìmùlẹ̀’? Ẹni tó bá ẹlòmíràn mulẹ̀ kò lè torí pé ìwé ti gbó kí ó yẹ̀ ẹ́.

Ní ti ‘aládùúgbò’, mo ti fà á yọ kúrò nínú ìtumọ̀ mi. Aládùúgbò ni ẹni tí a jọ ń gbé àdúgbò kan, tí a lè tọrọ iyọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn ìlú tó bá ara wọn pààlà ni Biobaku ń sọ. ‘Ẹ̀gbá àti Àwọn Tó Bá Wọn Pààlà’ ni mo wá pè é. Ààlà kì í ní olówó àti ìwọ̀fà. Ẹni méjèèjì ló ni ín.

Ẹnìkan lè sọ pé bí a bá ti kọ ìtàn ní Yorùbá, gbogbo èyí yóò tán. Irọ́ ni. Ìwé Ìtàn Ìbàdàn tí I. B. Akinyele tẹ̀ jáde ní 1911, Yorùbá ni, ojú Ìbàdàn ni ó sì fi wo ayé. Èdè nìkan kò lè mú ẹnikẹ́ni gbàgbé ilé bàbá rẹ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé Yorùbá máa ń tú àṣírí ibi tí òǹkọ̀wé dúró sí kíákíá. Gẹ̀ẹ́sì a máa bò ó lójú wa, nítorí a kò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ ohun tí ó ń dún lábẹ́ ọ̀rọ̀.

Ẹ wá wo ohun tí àwọn ilé ìtẹ̀wé yunifásítì ti fún wa. Cambridge ni ó tẹ ìtàn ìgbésí ayé Awólọ́wọ̀ jáde ní 1960, òun náà ni ó tẹ ìwé Ajayi àti Smith lórí ogun Yorùbá ní 1964. Gẹ̀ẹ́sì ni méjèèjì. Oxford tó tẹ Biobaku kò kọ Yorùbá sílẹ̀: ẹ̀ka rẹ̀ ní Ìbàdàn ni ó tẹ Òwe L’ẹṣin Ọ̀rọ̀ ti Isaac Delano jáde ní 1966, ọmọ Òkènlá lẹ́bàá Ìfọ̀, tí kò jìnnà sí ọ̀dọ̀ wa níbí, òun náà ni ó tẹ àlọ́ Ìjàpá ti Babalọlá ní 1973. Ìpín náà hàn kedere: òwe àti àlọ́ fún Yorùbá, ogun àti ìjọba fún Gẹ̀ẹ́sì. Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni ti Ifẹ̀. Láti 1970 ni Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko, ó sì yọrí sí rere. Ìwé tí ó ròyìn iṣẹ́ náà, tí University Press tẹ̀ ní 1989, Gẹ̀ẹ́sì ni.

A kò lè di gbogbo ẹ̀bi ru àwọn ilé ìtẹ̀wé. Ohun tí olùkọ́ bá béèrè ni wọ́n ń tẹ̀, ohun tí ìdánwò bá sì béèrè ni olùkọ́ ń béèrè. Ẹ ka àwọn àyọkà tí àwa fúnra wa ń ṣe fún ìdánwò ìparí sáà: ọmọ aláìgbọràn, ìyàwó alágídí, ìpalára oògùn olóró. Ó tó gẹ́ẹ́ kí a fi ìpàdé àwọn Ológun kan sí i. Nígbà tí wọ́n mú Ìtàn kúrò nínú iṣẹ́ àwọn ilé-ìwé wa, ọ̀pọ̀ ọmọ dàgbà láì gbọ́ orúkọ Ṣódẹkẹ́ rí. Ìjọba àpapọ̀ pàṣẹ ní 2018 pé kí a dá a padà, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ni a tún fi ń kọ́ ọ. Lójú àwọn òbí tó wà ní fákítìrì, iṣẹ́ tí ọmọ yóò rí ṣe ni ẹ̀kọ́; n kò dá wọn lẹ́bi. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ kan wà tí kì í ṣe ti iṣẹ́, èyí tí í jẹ́ kí ènìyàn mọ ibi tí ó dúró sí, kí ó sì lè béèrè irú ìbéèrè tí ọmọ Àwórì yẹn béèrè.

Ohun tí a lè fi kún Biobaku wà nílẹ̀. Oríkì àwọn ìdílé Ọ̀tà wà, orin Gẹ̀lẹ̀dẹ́ wà. James White, ọmọ Sàró tó ṣiṣẹ́ fún CMS ní Ọ̀tà, kọ ìròyìn ọjọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó sì wà nínú àpò ìwé ìjọ náà títí di òní. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe ìwádìí kò ní láti rìn jìnnà kí ó tó bẹ̀rẹ̀.

Ní sáà tó kọjá, mo fi àyọkà mi lórí 1842 sínú ìdánwò àwọn ọmọ ọdún kejì àgbà. Ìbéèrè karùn-ún ní kí wọ́n sọ ọ́ bí ìjòyè Ọ̀tà kan ì bá ti sọ ọ́. Ọ̀pọ̀ wọn kàn da àyọkà náà kọ padà. Ọmọbìnrin Ẹ̀gbá kan kọ ọ́ pé, ‘Ẹ̀yin lẹ ń pè é ní ọ̀nà. Oko wa ni.’ Mo fún un ní gbogbo máàkì, olùkọ́ tó bá mi yẹ̀ ẹ́ wò yọ méjì kúrò nítorí pé kò kọ gbólóhùn márùn-ún. A ṣì ń bá ara wa ṣe àríyànjiyàn lórí rẹ̀.