Rọ́kẹ́ẹ̀tì Tòkunbọ̀

Ìwé kan ni mo gbé wá fún yín lóṣù yìí, kì í sì í ṣe ìwé tuntun rárá. Robert Heinlein, ará Amẹ́ríkà, ló kọ ọ́ fún àwọn ọ̀dọ́ ní 1952. Orúkọ rẹ̀ ni The Rolling Stones. Nígbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1969, wọ́n pè é ní Space Family Stone. Ẹni tó bá rò pé ẹgbẹ́ onígìtá nì ni mò ń sọ, kó fara balẹ̀ ná. Ìwé yìí ti wà nílẹ̀ kí wọ́n tó dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀.

Ìdílé kan ló ń gbé nínú òṣùpá. Bàbá, Roger Stone, ti ṣe olórí ìlú rí, eré orí tẹlifíṣọ̀n ló ń kọ jẹun báyìí. Dókítà ni ìyá, Edith. Ẹnjiníà ni ìyá bàbá, Hazel. Ọmọ mẹ́rin ló wà nílé: Meade tó jẹ́ obìnrin, ìbejì ọkùnrin méjì, Castor àti Pollux, àti àbíkẹ́yìn wọn, Lowell. Àwọn ìbejì wọ̀nyí ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n gbéra, ó di ọ̀dọ̀ ẹnì kan tó ń ta rọ́kẹ́ẹ̀tì àlòkù. Wọ́n ń wo inú ẹ̀rọ, wọ́n ń wo abẹ́ rẹ̀, wọ́n ń ná an bí èmi àti ẹ̀yin ṣe ń ná mọ́tò tòkunbọ̀. Bàbá wọn kọ̀ jálẹ̀. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí òun náà fi gbà, ni gbogbo ilé bá para pọ̀ ra ọ̀kan, wọ́n kẹ́rù, ó di Máàsì.

Ibi tí wọ́n ti ń ná rọ́kẹ́ẹ̀tì yìí ló dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàrin àwọn tí mo yá ní ìwé náà. Ẹni mẹ́rin ló kà á, ẹnu wọn kò sì kò.

Bàbá tíṣà tó ń gbé ìsàlẹ̀ ilé wa, tó fi físíìsì kọ́ àwọn ọmọ títí tó fi fẹ̀yìn tì, ìka méjì ni wọ́n fi gbé ìwé náà padà fún mi. Wọ́n ní, “Ọmọ mi, irọ́ ni. Ẹni tó bá ń ta rọ́kẹ́ẹ̀tì bí ẹni ń ta kẹ̀kẹ́, ó ń tan ọmọ ọlọ́mọ jẹ ni.” Wọ́n mú bébà, wọ́n ṣe ìṣirò fún mi. Kí nǹkan tó lè yí ayé po láìjábọ̀, ó gbọ́dọ̀ sáré tó kìlómítà 28,000 ní wákàtí kan. Epo tó máa gbé e dé ibẹ̀ wúwo ju ohun tó ń gbé lọ fíìfíì. Wọ́n tún rán mi létí Dennis Tito, ará Amẹ́ríkà tó wọ rọ́kẹ́ẹ̀tì àwọn ará Rọ́ṣíà lọ gbafẹ́ ní 2001. Bí ọjọ́ mẹ́jọ péré ló lò lókè, wọ́n sì ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 20 dọ́là ló san. “Ṣé ìyẹn náà ni pọ́ọ́kú?” Mi ò lè fèsì.

Mẹkáníìkì mi ní Ládípọ̀ ni ìkejì. Ọmọ rẹ̀ ló ń kà á sí i létí lálaalẹ́. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹni tó kọ ìwé yìí ti sùn sábẹ́ mọ́tò rí.” Mo ní báwo? Ó ní kì í ṣe torí pé ẹni tó ń tà á lójú àánú ni tòkunbọ̀ ṣe wọ́n kéré sí tuntun. Ẹnìkan ti lò ó tẹ́lẹ̀, kò kú, àwọn tó mọ̀ ọ́n tún ṣe sì wà nítòsí. Ó wá sọ ọ̀rọ̀ kan tí mi ò lè gbàgbé. Ó ní, “Tó bá jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan péré ni dánfó máa ń dé Ìbàdàn kó tó di pàǹtí, èló lẹ rò pé wọ́n máa gbà lówó èrò?”

Ìyá tó ń ta òkìrìkà lójúlé kejì ni ìkẹta. Ọ̀rọ̀ rọ́kẹ́ẹ̀tì kò tiẹ̀ jọ wọ́n lójú. Kẹ̀kẹ́ ológeere ni wọ́n ń bá lọ. Àwọn ìbejì ra kẹ̀kẹ́ àlòkù jọ nínú òṣùpá, wọ́n ń tún un ṣe lójú ọ̀nà kí wọ́n lè tà á ní Máàsì. Ìgbà tí wọ́n débẹ̀, ọ̀rọ̀ owó ibodè gbé wọn dé kóòtù, ìyá àgbà Hazel ló dìde bíi lọ́yà fún wọn. Ìyá olókìrìkà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. “Àwọn ọmọ wọ̀nyẹn ò wádìí ọjà! Owó ọkọ̀ kọ́ ló ń pa oníṣòwò, ibodè ni.” Ṣùgbọ́n ẹranko pẹlẹbẹ bí ológbò tí wọ́n rà ní Máàsì, tó bí títí tó fi fẹ́ kún inú ọkọ̀, tí wọ́n sì wá tà fún àwọn awakùsà tó wà ní àdádó, ìyẹn wù wọ́n púpọ̀. Wọ́n ní bí ohun tó fẹ́ jẹ èèyàn ní gbèsè ṣe ń di èrè nìyẹn.

Ìkẹrin ni ọmọ àbúrò mi obìnrin, tó wà ní kíláàsì àṣejáde. Òun ló da ọ̀rọ̀ rú. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n Màmi, ọkọ̀ yẹn lè wọ́n, ó lè pọ́ọ́kú. Ta ni wọ́n ń jẹ́ kó tún un ṣe?” Ó ṣí ìwé náà fún mi. Hazel mọ iṣẹ́ ẹnjiníà dénú, síbẹ̀ ó fi iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí pé wọ́n ń gbé àwọn ọkùnrin tí kò tó o lórí rẹ̀. Òǹkọ̀wé tó rí ìyẹn ní 1952 náà ló tún jẹ́ kí àwọn ìbejì máa ṣe gudugudu méje, tí Meade, ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin, kò sì rí iṣẹ́ gidi kan ṣe.

Ó yá, èmi ńkọ́? Bàbá tíṣà kò ṣìṣirò, ṣùgbọ́n wọn kò wo ibi tí ṣọ́ọ̀bù náà wà. Inú òṣùpá ni. Òòfà òṣùpá kò ju ìdá mẹ́fà ti ayé lọ. Ohun tó bá fẹ́ já kúrò nínú òṣùpá, kó sáré tó kìlómítà 2.4 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ó tó. Ti ayé jẹ́ 11.2. Heinlein mọ̀ bẹ́ẹ̀, ló ṣe kọ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sórí òkè téńté. Ta ló wá pọ̀n wọ́n gòkè? Èló ni wọ́n ná? Kò kà á sí wa létí. Àwọn Stone kì í sì í ṣe tálákà: eré tẹlifíṣọ̀n ń mówó wá fún bàbá, fáàfù tí àwọn ìbejì ṣe sì ń mówó wá fún wọn. Ẹ̀bi tí mo dá ìwé náà nìyẹn.

Àmọ́ ní ti mẹkáníìkì mi, ìtàn ti gbè é. Nígbà tí Amẹ́ríkà gbé Space Shuttle jáde ní 1981, wọ́n ní yóò sọ ìrìn àjò òfurufú di pọ́ọ́kú torí pé ó ń padà wálé. Ó ń padà wálé lóòótọ́, ṣùgbọ́n àtúnṣe tí wọ́n ń ṣe sí i lẹ́yìn ìrìn kọ̀ọ̀kan kò kéré. Ìrìn 135 ló rìn títí di 2011, méjì nínú ọkọ̀ náà ṣòfò, ní 1986 àti 2003, ẹni 14 sì bá a lọ. Ní December 2015 ni apá ìsàlẹ̀ Falcon 9 ti SpaceX balẹ̀ lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ní March 2017, wọ́n tún fi àlòkù kan fò. Ọdún 65 lẹ́yìn ìwé yìí ni tòkunbọ̀ dé! Ẹrù ló kọ́kọ́ jàǹfààní rẹ̀. Ní ti èèyàn, 450,000 dọ́là ni Virgin Galactic ń pe tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ní 2021, fún ìṣẹ́jú díẹ̀ lókè. Àwa náà ti sanwó ọkọ̀ rí: rọ́kẹ́ẹ̀tì Rọ́ṣíà ló gbé NigeriaSat-1 wa gòkè ní 2003.

Ibì kan wà tí ẹ kò gbọdọ̀ fò. Hazel àti Lowell wọ ọkọ̀ kékeré kan láàrin àwọn àpáta tó wà lẹ́yìn Máàsì, ẹ̀rọ tó ń darí rẹ̀ daṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n sọnù. Atẹ́gùn ń tán lọ. Ìyá àgbà fi èyí tó kù sílẹ̀ fún ọmọ. Nígbẹ̀yìn, wọ́n rí wọn. Ibẹ̀ ni ìwé náà ti jẹ́wọ́ pé ohun tó pọ́ọ́kú náà ní iye tí à ń san.

Kò tíì ju oṣù mélòó kan lọ tí ọmọ àbúrò mi kọ iṣẹ́ ẹnjiníà sínú fọ́ọ̀mù JAMB rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ní kó pa á rẹ́, kó kọ nọ́ọ̀sì, pé ta ló fẹ́ fẹ́ obìnrin tí gírísì kún ọwọ́ rẹ̀? Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì dára, mi ò bú u. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí ọmọ ń fẹ́ nìyẹn. Mi ò bá ọkọ àbúrò mi jà o. Ìwé yìí ni mo gbé fún un, mo ní kó bá mi wò ó bóyá ó dára fún ọmọdé.

Kò tíì dá a padà. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Sunday tó kọjá, bí a ṣe ń jẹun, ó wo ojú mi, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ìyá arúgbó yẹn, ṣé kò kú?”

Mo ní kó kà á tán.