Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ Orí Pápá: Àpèjúwe Bọ́ọ̀lù Lórí Rédíò gẹ́gẹ́ bí Iṣẹ́ Ọnà

Bí àárò àpèjúwe bọ́ọ̀lù ayé ọjọ́sí bá ń sọ àwọn ènìyàn ní Nàìjíríà, orúkọ Ernest Okonkwo kì í jìnnà sí ẹnu wọn. Láti orí rédíò ìjọba àpapọ̀ ni ó ti ń gbé bọ́ọ̀lù wọ ilé àwọn tí kò dé pápá ìṣeré rí, títí ó fi kú ní 1990. Ohun tí a sì máa ń kọ́kọ́ rántí nípa rẹ̀ ni orúkọ tí ó fi ń pe àwọn agbábọ́ọ̀lù: Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí di 'Mathematical', Adokie Amiesimaka tí ó kọ́ ìmọ̀ òfin di 'Chief Justice', Christian Chukwu di 'Chairman'.

Àwa olùkọ́ Yorùbá kì í pẹ́ rí oríkì nínú èyí, a kò sì ṣì í pátápátá. Ṣùgbọ́n èrò tiwa ni pé orúkọ kọ́ ni ìdí iṣẹ́ náà. Ẹni tí onírárà ń kì wà níwájú rẹ̀, àwọn tí ó ń gbọ́ rárà náà sì ń wo ẹni náà. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí pápá kò ní irú àǹfààní yìí. Ẹni tí ó ń bá sọ̀rọ̀ wà ní ìsọ̀ télọ̀ tàbí nínú mọ́tò, kò rí nǹkan kan. Ohun tí ó sì fẹ́ mọ̀ kò ju mẹ́ta lọ: níbo ni bọ́ọ̀lù wà? Ẹsẹ̀ ta ni ó wà? Iye wo ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ti gbá wọlé? Bí orúkọ ti wù kí ó dùn tó, bí kò bá dáhùn ọ̀kan nínú wọn, ariwo lásán ni.

Àwọn tí ó kọ́kọ́ dáwọ́ lé iṣẹ́ yìí mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí BBC ròyìn eré Arsenal àti Sheffield United láti Highbury ní Lọ́ńdọ̀nù, ní ọjọ́ 22 oṣù kìíní 1927, wọ́n ti tẹ àwòrán pápá sínú ìwé Radio Times, wọ́n pín in sí ojú mẹ́jọ, wọ́n sì fi nọ́ńbà sí ojú kọ̀ọ̀kan. Bí Wakelam ti ń ròyìn eré, ẹlòmíràn ń pe nọ́ńbà ojú tí bọ́ọ̀lù wà. Ẹni tí ó wà nílé lè fi ìka tọ bọ́ọ̀lù lórí bébà. Nígbà tí ó yá, wọ́n pa nọ́ńbà tì, nítorí pé ọ̀rọ̀ ẹnu ti tó ṣe iṣẹ́ náà.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí èdè tiwa ṣe lè ṣe é. Àwa ni a hun àpẹẹrẹ méjèèjì yìí:

(a) Háà! Ẹ wò ó! Ọmọ ẹkùn! Akọni ni ọmọ yìí o! Ó ti gbé e dé!

(b) Nọ́ńbà méje gba bọ́ọ̀lù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilà lápá ọ̀tún, ó fi àyà sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ó yí i gba ẹ̀yìn ẹni tí ó ń ṣọ́ ọ kọjá, ó gbé e fìì síwájú ilé. Gólì fò, ọwọ́ rẹ̀ kò tó o.

Nínú (a), 'Ẹ wò ó' nìkan ti tó ba gbogbo rẹ̀ jẹ́: ta ni yóò wò ó? Ta sì ni 'ó', kí ni 'e'? Arọ́pò-orúkọ wà, orúkọ tí wọ́n rọ́pò kò sí. Nínú (b), àsínpọ̀ ọ̀rọ̀-ìṣe ni ó gbé iṣẹ́ náà rù. 'Yí' sọ ohun tí ẹsẹ̀ ṣe, 'gba' sọ ọ̀nà tí bọ́ọ̀lù tọ̀, 'kọjá' sì jẹ́ kí a mọ̀ pé ẹ̀yìn ni ẹni tí ó ń ṣọ́ ọ wà báyìí. Gbólóhùn kan, ọ̀rọ̀-ìṣe mẹ́ta, kò sí ọ̀rọ̀ àsopọ̀ kankan láàárín wọn tí yóò dá ẹnu dúró. Ìfìrósínjẹ 'fìì' fi bí ó ṣe yá tó hàn. Èdè tí ó ní irú irinṣẹ́ báyìí kò yẹ kí ó máa tọrọ ariwo.

Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹta 1980, Nàìjíríà fi góòlù mẹ́ta sí òdo na Àlùjíríà ní Sùúrùlérè, wọ́n sì gba ife Áfíríkà. Ọdẹ́gbàmí gbá méjì wọlé, Muda Lawal gbá ẹyọ kan. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ó lè ròyìn ọjọ́ náà fún ọmọ wọn, etí ni wọ́n fi wo eré náà. Lẹ́yìn tí ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán wọ ilé gbogbo, ojú gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ahọ́n. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ wá ń sọ ìtàn agbábọ́ọ̀lù àti iye tí wọ́n rà á.

Lónìí, a ń gbọ́ àwọn kan lórí rédíò FM tí wọ́n ń fi Yorùbá ròyìn bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Òwe wọn dùn, yẹ̀yẹ́ wọn ń pa ni lẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn, òwe á tẹ̀lé òwe títí a kò fi ní mọ apá ibi tí bọ́ọ̀lù gbà. Òwe lẹṣin ọ̀rọ̀ lóòótọ́. Ẹṣin ibí yìí kò sì ní ẹni tí ó gùn ún. (Kí a má tan ara wa jẹ o: àwọn ti àtijọ́ náà mọ ariwo í pa, ẹni tí ó ń gbọ́ wọn kò sì ní ọ̀nà tí yóò fi yẹ̀ wọ́n wò.)

Àrùn yìí kan náà ni ó ń ṣe ọ̀pọ̀ àròkọ aṣàpèjúwe tí à ń máàkì. Akẹ́kọ̀ọ́ á ní ọjà ìlú òun kún, ó dára, kò láfiwé. Ẹni tí ó kà á kò ní mọ ibi tí wọ́n ń gbà wọ̀ ọ́. Ìmọ̀ràn wa nípa ìdánwò àfẹnusọ ni pé kí a mú akẹ́kọ̀ọ́ méjì lọ sí ẹ̀gbẹ́ pápá ilé-ìwé nígbà tí eré ń lọ lọ́wọ́. Kí ọ̀kan kọjú sí pápá, kí ó máa ròyìn fún ìṣẹ́jú kan. Kí èkejì kẹ̀yìn sí i, kí ó mú bébà tí a ya pápá sí lọ́wọ́, kí ó máa fi lẹ́ẹ̀dì fa ilà sí ibi tí ó bá gbọ́ pé bọ́ọ̀lù dé. Ilà yẹn ni kí olùyẹ̀wò wò kí ó tó fún ẹni tí ó ròyìn ní máàkì. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n pààrọ̀ ipò.