Iyì Ẹni Tó Mọ Ìwọ̀ Jù

Ilẹ̀ kòkó ni agbègbè Atosin ní Ìdànrè, ṣùgbọ́n níbi tí odò bá ti gba inú oko kọjá, ìwọ̀ náà níyì. Iṣẹ́ ọwọ́ tó yẹ ká yìn ni.

Àrọ̀ kì í fẹ́ gbangba lójú ọ̀sán. Abẹ́ gbòǹgbò àti ìdí igi tó wó sódò ló máa ń sá sí. Ẹni tó bá ju ìwọ̀ lù ú gbàmù ti lé e lọ nìyẹn. Ọ̀gá apẹja á fara pamọ́ kí òjìji rẹ̀ má bàa bọ́ sómi. Á na ọ̀pá oparun jáde, á fi ọwọ́ kejì di ìwọ̀ tó ti fi ekòló bò mú. Tó bá tú u sílẹ̀, ìwọ̀ á fò lọ nílẹ̀ẹ́lẹ̀, á sì rì jẹ́jẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ gbòǹgbò. Bí okùn bá ti mì, á fa ọ̀pá sókè kíá, kí ẹja tó wé okùn mọ́ igi.

Ní Amẹ́ríkà, ọgbọ́n kan tó jọ èyí, tí wọ́n ń pè ní flipping, ni Dee Thomas ará California fi gba ìdíje ẹja báàsì ní adágún Bull Shoals lọ́dún 1975. Ọ̀pá gígùn, okùn kúkúrú, ìwọ̀ tí kì í pariwo.

Lọ́dọ̀ tiwa níbí, àwọn kan ń da Gamalin, oògùn kòkó, sódò láti pa ẹja. Ìyẹn ń pa tọmọ-tìyá, ó sì ń ba omi mímu jẹ́. Ìwọ̀ kì í ṣe bẹ́ẹ̀: ẹja kan lẹ́ẹ̀kan, a sì lè dá èyí tó kéré padà. Ẹ jẹ́ ká fi kọ́ àwọn ọmọ wa.