Etí ni a fi ń ka àmì: asà Catherine Middleton àti ti Meghan Markle

Ní oṣù kẹrin ọdún 2011, College of Arms ní London fún Michael Middleton ní àmì asà, nígbà tí ìgbéyàwó Catherine, ọmọ rẹ̀, kù sí dẹ̀dẹ̀. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2018, Meghan Markle gba tirẹ̀. Thomas Woodcock, Garter King of Arms ìgbà náà, ló bójú tó iṣẹ́ méjèèjì. Síbẹ̀, bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe ń sọ̀rọ̀ yàtọ̀ gidigidi, ìyàtọ̀ náà sì kan ẹnikẹ́ni nínú wa tó bá ń gbèrò láti ya àmì tirẹ̀ ní ilẹ̀ àjèjì.

Lórí asà Middleton, èso igi óákù mẹ́ta dúró fún ọmọ mẹ́ta. Igun wúrà tó la asà náà láàárín ló wù mí jù. Goldsmith ni orúkọ ìdílé ìyá Catherine kó tó wọlé ọkọ, alágbẹ̀dẹ wúrà ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá mọ orúkọ yẹn yóò gbọ́ ọ nínú àwọ̀ náà. Àrokò gan-an nìyí. Nígbà tí àwọn baba wa bá fi owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́, kì í ṣe iye owó ni wọ́n ń sọ. Ẹ̀fà ń sọ pé ọkàn ẹni tó ránṣẹ́ ń fà sí ẹni tí a ránṣẹ́ sí. Mẹ́jọ a máa sọ pé àwọn méjèèjì jọ. Etí ni a fi ń ka irú àmì bẹ́ẹ̀, ojú kàn ń ràn án lọ́wọ́ ni.

Asà Meghan kò ní irú ohùn yìí. Àwọ̀ búlúù dúró fún òkun Pàsífíìkì, ìtànṣán wúrà méjì fún oòrùn California, gègé ìyẹ́ mẹ́ta fún agbára ọ̀rọ̀. Ẹyẹ olórin kan la ẹnu, ó gbé asà ró. Ó rẹwà, kò sì há. Ṣùgbọ́n bí àlàyé tí ààfin gbé jáde bá sọnù, ta ni yóò mọ òkun tí búlúù yẹn jẹ́? Nínú àlàyé náà pàápàá, a kò gbọ́ nǹkan kan nípa ìdílé ìyá rẹ̀, aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà.

N kò ka èyí sí àìbìkítà lásán. Oríkì orílẹ̀ rọrùn fún ẹni tí okùn ìran rẹ̀ kò já: ọmọ Òpómúléró ń gbọ́ òpó nínú orúkọ ara rẹ̀. Ẹni tí òwò ẹrú gba orúkọ lọ́wọ́ àwọn baba ńlá rẹ̀ ńkọ́? Orúkọ tó ń jẹ́ lónìí lè jẹ́ ti ẹni tó rà wọ́n. Ibi tí a bí i sí ló dá a lójú, òtítọ́ sì wà nínú rẹ̀ ju kí ó ya àwòrán Áfíríkà àti gángan láìmọ agbolé kankan (mo ti rí irú rẹ̀ tó pọ̀).

Ẹjọ́ tí mo ní kéré ju ìyẹn. Mẹ́ta ti èso óákù ní ènìyàn mẹ́ta lẹ́yìn. Àlàyé kò sọ ìdí tí gègé fi jẹ́ mẹ́ta. Gègé àti ẹnu ẹyẹ sì ń sọ ohun kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀kan nínú wọn ìbá ti yẹ̀ fún Doria Ragland, ìyá tó jókòó sí ṣọ́ọ̀ṣì Windsor lọ́jọ́ ìgbéyàwó náà, òun nìkan láti inú ẹbí ìyàwó.